Ẹni tí a rán níṣẹ́ tó sì jábọ̀: ìrìn-àjò Albert Tévoédjrè nínú ìmọ̀ àti ìṣèlú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Ní ọjọ́ 28 oṣù Èrèlé ọdún 1990, ní ilé ìtura PLM Alédjo ní Kútọ̀nú, ọkùnrin ẹni ọgọ́ta ọdún kan dìde láti jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 500 aṣojú ni wọ́n ti jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá: olóṣèlú àtijọ́ àti ti ìgbà náà, ológun, olùkọ́, òṣìṣẹ́, àgbẹ̀, aṣáájú ẹ̀sìn, ọmọ ilé àti ọmọ ẹ̀yìn odi. Wọ́n ti bára wọn jiyàn, wọ́n ti bínú síra wọn, wọ́n sì ti pinnu. Ó wá ku ẹni tí yóò kó ọ̀rọ̀ gbogbo wọn jọ sójú kan, tí yóò sì gbé e kalẹ̀ ní gbangba, kí ará ilé àti ará oko lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn dé. Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ni Albert Tévoédjrè, ọmọ Àjàṣẹ́, ọ̀mọ̀wé àti òǹkọ̀wé.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ọkùnrin yìí kan náà jáde, ó ní kí àwọn ará ìlú fi òun ṣe ààrẹ. Ipò kẹta ló bọ́ sí. Àwọn tó fọkàn tán an láti gbẹnu sọ fún wọn kò fọkàn tán an tó láti fi ọ̀pá àṣẹ lé e lọ́wọ́. Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí? Ìbéèrè náà kò tíì gbó, nítorí pé títí di òní ni àwọn ọmọ wa tó kàwé gboyè ń bi ara wọn léèrè bóyá kí àwọn náà bọ́ sínú ìṣèlú, tí ọ̀pọ̀ òbí sì ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n jìnnà sí i. Ìgbésí ayé Tévoédjrè lè ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn rẹ̀, nítorí pé ó lé ní àádọ́ta ọdún tó fi ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, kò sì fi ọ̀kan sílẹ̀ pátápátá fún èkejì.

Ọmọ Àjàṣẹ́, ọmọ ilé ìwé

Ọjọ́ 10 oṣù Bélú ọdún 1929 ni wọ́n bí i sí Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ìlú yìí ní ipò tirẹ̀ nínú ìtàn ìmọ̀ ìwé ní etíkun wa. Òun ni olú-ìlú ilẹ̀ Dahomey nígbà ayé àwọn Faransé. Ibẹ̀ ni àwọn Gùn, àwọn Yorùbá àti àwọn ọmọ àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé ti ń gbé pọ̀, tí wọ́n ń fẹ́ra wọn, tí wọ́n ń náwó pọ̀, tí ọmọ Kátólíìkì àti ọmọ Mùsùlùmí sì lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ilẹ̀ Dahomey mú olùkọ́, akọ̀wé àti dókítà jáde tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òyìnbó fi fi í wé Quartier latin, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Paris. Àwọn ọmọ Dahomey wọ̀nyí ni wọ́n ń di iṣẹ́ ọ́fíìsì mú ní ọ̀pọ̀ ìlú Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé, láti Dakar dé Abidjan. Inú irú ìlú àti irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni Tévoédjrè ti dàgbà. Ìwé kíkà ni ọ̀nà tí ọmọ aláìlówó fi lè gòkè nígbà náà, òun náà sì gba ọ̀nà yìí.

Ó kọjá sí Faransé, ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní Toulouse. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Súwísì, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé àti ti àwùjọ ní yunifásítì Fribourg. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú yàrá ìkàwé nìkan ló ti kọ́ ọgbọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà tó wà ní Faransé ti dá ẹgbẹ́ FEANF sílẹ̀ ní 1950, ẹgbẹ́ náà sì ní ìwé ìròyìn tirẹ̀, « L'Étudiant d'Afrique noire ». Tévoédjrè di olóòtú àgbà ìwé ìròyìn yìí. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń fi gègé jà: bí a ṣe ń kó ìbínú ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ, tí a óò yọ ariwo kúrò nínú rẹ̀, tí a óò sì fi òótọ́ tó kù ṣe ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé dá padà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí akọ̀ròyìn àgbà ọdún 1990 ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ni kí ó lọ wò.

Ní 1958, ilé ìtẹ̀wé Présence Africaine gbé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, « L'Afrique révoltée », èyí tó túmọ̀ sí Áfíríkà tó ṣọ̀tẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n péré ni nígbà náà. Ní ọdún kan náà, òun àti Joseph Ki-Zerbo, onímọ̀ ìtàn ọmọ Haute-Volta, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ MLN sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń fẹ́ òmìnira lójú ẹsẹ̀ àti ìṣọ̀kan Áfíríkà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 1958, ọ̀gágun de Gaulle bi àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé bóyá wọ́n fẹ́ wà nínú Àwùjọ tuntun tó fẹ́ dá sílẹ̀. Ẹgbẹ́ MLN ní kí wọ́n dáhùn pé rárá. Guinea nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀. Dahomey àti àwọn yòókù gbà. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ìṣèlú kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà nìyẹn: ènìyàn lè ní òótọ́ lọ́wọ́, kí ó má ní ìbò. Kò sì ju nǹkan bí ọdún méjì lọ tí èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wọ̀nyí fi gba òmìnira tí wọ́n ti kọ̀.

Iṣẹ́ ilé, iṣẹ́ òkèèrè

Dahomey gba òmìnira ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ògún ọdún 1960, Hubert Maga sì di ààrẹ. Tévoédjrè bọ́ sínú ìjọba, wọ́n fi ètò ìròyìn sí ìkáwọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ní 1961, orílẹ̀-èdè méjìlá tó ti wà lábẹ́ Faransé dá ẹgbẹ́ Union africaine et malgache sílẹ̀, wọ́n fi ọ́fíìsì rẹ̀ sí Kútọ̀nú, wọ́n sì yan Tévoédjrè ní akọ̀wé àgbà. Kò tíì pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nígbà náà. Ó wà nípò yìí títí di 1963. Ní ọdún náà kan náà ni àwọn ológun lé Maga kúrò lórí àga, tí ìlẹ̀kùn kan sì ṣí tí kò tètè padé: ìgbà márùn-ún ni ológun gba ìjọba ní Dahomey láàárín 1963 sí 1972.

Kí ni ọ̀mọ̀wé ń ṣe nígbà tí ìbọn bá gba ipò ọ̀rọ̀? Àwọn kan dúró, wọ́n bá ológun ṣiṣẹ́. Àwọn kan wọ ẹ̀wọ̀n. Tévoédjrè ní tirẹ̀ jáde lọ. Ó kọ́kọ́ padà sídìí ìwé: ní 1965, yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé tó kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì nípa ẹgbẹ́ tó ti jẹ́ akọ̀wé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ Àjọ Àgbáyé fún Iṣẹ́, tí a mọ̀ sí BIT, ní Jẹ̀nẹ́fà. Ibẹ̀ ló ti gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn igbákejì olùdarí àgbà, tó sì tún darí ilé ìwádìí tí àjọ náà ní fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́. Ọmọ Áfíríkà tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ nígbà náà.

Àwọn kan á wí pé àsálà ló sá. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún wọ̀nyẹn kò ṣòfò, nítorí pé inú wọn ni ìwé tó lágbára jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ti jáde.

Ìṣẹ́ kì í ṣe ìwọ̀ntúnwọ̀nsì

Ní 1978 ni « La pauvreté, richesse des peuples » jáde, Jan Tinbergen, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Hóláǹdì tó gba ẹ̀bùn Nobel, sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Àkọlé náà ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: báwo ni àìní ṣe lè jẹ́ ọrọ̀ àwọn ènìyàn? Àwọn tí kò ka ìwé náà rò pé ó ń yin òṣì. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Èdè Yorùbá gan-an ní àwọn ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣàlàyé rẹ̀. Ìṣẹ́ wà: ìyẹn ni kí ebi máa pa ọmọ, kí aláìsàn má rí oògùn, kí omi tí à ń mu máa pa ni. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì sì wà: ìyẹn ni kí ènìyàn mọ ohun tó tó o, kí ó fi ohun tó ní ṣe ohun tó nílò, kí ó má sì fi owó àná àti ti ọ̀la ra fààrí òní. Tévoédjrè ní kí a gbógun ti ìṣẹ́ títí yóò fi tán nílẹ̀, ṣùgbọ́n kí a fi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ṣe agbára, nítorí pé òun ni ogún tí àwọn ènìyàn wa ti ní lọ́wọ́ kí òyìnbó tó dé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ àwọn alágbára nínú. Ó ń wí fún àwọn orílẹ̀-èdè olówó pé ìdàgbàsókè kì í ṣe kí gbogbo ayé máa jẹ, kí wọ́n máa wọ, kí wọ́n máa gùn bíi tiwọn. Ó ń wí fún àwọn olórí Áfíríkà pé ọkọ̀ olówó ńlá àti ààfin tí wọ́n ń fi owó yá kọ́ kì í ṣe àmì ìlọsíwájú. Ó ní kí orílẹ̀-èdè àti orílẹ̀-èdè bára wọn da àdéhùn pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó nílò ara wọn, kí ó má ṣe jẹ́ pé ẹnì kan ni yóò máa tọrọ, tí ẹlòmíràn yóò sì máa ta á lọ́rẹ.

Ẹni tó bá rántí bí ìjọba wa ṣe rí ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìwé náà yóò mọ̀ pé kì í ṣe àlá ló ń rọ́.

Ọjọ́ mẹ́wàá ní Kútọ̀nú

Mathieu Kérékou gba ìjọba ní 1972. Ní 1974 ó kéde pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni ilẹ̀ náà yóò máa tọ̀, ní 1975 orúkọ Dahomey sì di Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1989, báńkì ti wó, owó oṣù kò jáde mọ́, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti daṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún náà, ìjọba kọ ọ̀nà Marx sílẹ̀, ó sì ṣèlérí àpérò kan tí gbogbo ọmọ ilẹ̀ yóò pé sí.

Ẹ wo àwọn tó di àpérò náà mú. Robert Dossou tó ṣáájú ìgbìmọ̀ tó múra rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì. Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza tó jẹ́ alága jẹ́ àlùfáà tó kàwé dáadáa. Nicéphore Soglo tí wọ́n yàn ní olórí ìjọba fún ìgbà ìyípadà ti ṣiṣẹ́ ní Báńkì Àgbáyé. Tévoédjrè ni akọ̀ròyìn àgbà. Ilẹ̀ tí wọ́n ń fi wé àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pe àwọn ọmọ rẹ̀ tó kàwé, wọ́n sì jẹ́ ẹ.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ akọ̀ròyìn àgbà lè rò pé iṣẹ́ akọ̀wé lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní àpérò tí ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n àti ẹni tó fi í sẹ́wọ̀n jókòó pọ̀, ọ̀rọ̀ kan tó bá ṣìnà lè da gbogbo rẹ̀ rú. Bí àbọ̀ náà bá le jù, ológun lè yarí. Bí ó bá rọ̀ jù, àwọn ará ìlú tó ń gbọ́ ọ lórí rédíò yóò wí pé wọ́n ti tà wọ́n. Àpérò ti pinnu pé àṣẹ òun ga ju ti ìjọba tó pè é lọ. Ó ti pinnu pé Kérékou yóò ṣì jẹ́ ààrẹ títí ìbò yóò fi dé, ṣùgbọ́n pé olórí ìjọba ni yóò máa ṣàkóso. Ó ti pinnu pé ẹgbẹ́ òṣèlú púpọ̀ yóò wà, pé òfin ìpìlẹ̀ tuntun yóò sì wá. Tévoédjrè ní láti gbé gbogbo èyí kalẹ̀ lọ́nà tí ẹni tó pàdánù yóò fi lè gbà á láìtẹ́.

Kérékou gbà á. Ìbọn kankan kò ró. Ní ọjọ́ 2 oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 1990, àwọn ará ìlú dìbò gba òfin ìpìlẹ̀ tuntun. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn wo ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn náà pe àpérò tiwọn: Gabon, Congo, Niger, Mali, àti àwọn arákùnrin wa ní Togo ní 1991. Gbogbo wọn kọ́ ló yọrí sí ibi kan náà, ṣùgbọ́n Kútọ̀nú ni wọ́n ti rí àwòkọ.

Nígbà tí ọmọ ayé béèrè ìbò nílé

Tévoédjrè dá ẹgbẹ́ òṣèlú Notre Cause Commune sílẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí ọ̀ràn tó kan gbogbo wa, ó sì jáde fún ipò ààrẹ ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1991. Nígbà tí wọ́n ka ìbò ìpele àkọ́kọ́, Soglo ní nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún, Kérékou ní nǹkan bí 27, Tévoédjrè ní nǹkan bí 14. Soglo ló borí ní ìpele kejì.

Ibi tí ìbò Tévoédjrè ti wá ni ó yẹ kí a wò dáadáa. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá láti Ouémé, ẹkùn tí Àjàṣẹ́ jẹ́ orí fún, tí Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Sákẹ́tẹ́ náà sì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, kí wọ́n tó ya Plateau sọ́tọ̀ ní 1999. Ẹni tó ti bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ ní Jẹ̀nẹ́fà, ẹni tó pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀ràn tó kan gbogbo wa, di olóṣèlú ẹkùn kan ṣoṣo nígbà tí àpótí ìbò ṣí.

Kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà bá. Àwọn ará àríwá dìbò fún Kérékou ọmọ wọn. Ìbò Soglo, ọmọ ìdílé Àgbómẹ̀, pọ̀ ní gúúsù àti àárín. Àrùn àtijọ́ ni. Ní ìgbà òmìnira, Sourou Migan Apithy ni Àjàṣẹ́ ń tẹ̀ lé, Justin Ahomadégbé ni Àgbómẹ̀ ń tẹ̀ lé, Hubert Maga ni àríwá ń tẹ̀ lé, ìjà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ṣí ọ̀nà fún ológun. A máa ń wí pé ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe náà dára fún ilé. Nígbà tí a bá gbé e wọ inú ìbò, ìlẹ̀kẹ̀ orílẹ̀-èdè máa ń já, a ó sì máa ṣa á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a sì tún sọ òdodo: kì í ṣe pé àwọn olùdìbò kọ ìmọ̀ ìwé. Soglo tó borí kò kéré nínú ìwé. Ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé fún ọdún kan gbáko, Soglo ti wà nídìí iṣẹ́, àwọn ènìyàn ti rí ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Tévoédjrè ni wọ́n gbọ́. Wọn kò tíì rí iṣẹ́ rẹ̀ nílé, nítorí òkèèrè ló ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má rè é ilé, ṣùgbọ́n ẹni tó pẹ́ lájò máa ń bá ilé ní ipò mìíràn.

Ìbò ẹkùn náà kì í sì í ṣe ogún ayérayé. Láàárín ọdún márùn-ún, Adrien Houngbédji, amòfin àti ọmọ Àjàṣẹ́ bíi tirẹ̀, ti di ẹni tí Ouémé ń tẹ̀ lé. Ní ìbò ààrẹ ọdún 1996, Houngbédji ní nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, Tévoédjrè kò sì jáde rárá.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Djrègbé

Ohun tó ṣe ní 1996 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí rẹ̀ títí di òní, àwọn kan pẹ̀lú ẹ̀rín, àwọn kan pẹ̀lú ìkannú. Òun àti Houngbédji àti àwọn mìíràn gbárùkù ti Kérékou, wọ́n sì bá a borí Soglo. Ẹni tó ka àbọ̀ tó gba agbára lọ́wọ́ Kérékou ní 1990 ló wà lára àwọn tó bá a gbà á padà. Kérékou fi í ṣe mínísítà fún ètò ìdàgbàsókè. Ìgbà yẹn ni orúkọ ìnagijẹ kan tàn káàkiri: Renard de Djrègbé, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Djrègbé, nítorí ibùgbé rẹ̀ lẹ́bàá Àjàṣẹ́. A mọ ìwà kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀: ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀, ẹni tó bá sì ní adìyẹ kì í sùn fọnfọn nítòsí rẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹ̀sùn náà tọ́? Ẹni tó bá wo ẹgbẹ́ tó bá ṣe yóò wí pé ó yí padà. Ẹni tó bá wo ohun tó ń sọ yóò rí i pé kò yí. Nígbà tó di mínísítà, ohun tó gbé síwájú ni èyí tó pè ní « minimum social commun »: pé kí ìjọba kọ́kọ́ pinnu ìwọ̀n tí ìgbésí ayé ọmọ ilẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù, ní oúnjẹ, omi, ìlera, ẹ̀kọ́ àti ibùgbé, kí ó tó náwó sí ohun mìíràn. Ọ̀rọ̀ ìwé ọdún 1978 ni, tó wá gba aṣọ ìjọba wọ̀. Ìdáhùn àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn: ó yí ọkọ̀ padà, ṣùgbọ́n ibi kan náà ló ń lọ.

Ìdáhùn náà dára, àmọ́ kò tán ọ̀ràn. Òṣèlú kì í ṣe ibi tí à ń lọ nìkan. Ẹni tí a bá wọkọ̀ àti ẹni tí a sọ̀ kalẹ̀ ní títì náà wà nínú rẹ̀. Èrò rere nílò ènìyàn púpọ̀ tí yóò bá a dúró fún ìgbà pípẹ́, bí àwọn ènìyàn bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, wọn kì í tètè gba ohun rere lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé lè rò pé bí òun bá ti mọ ìdí tí òun fi ṣe nǹkan, ó ti tó. Ará ìlú kò rí inú; ìrìn ẹsẹ̀ ló ń rí.

Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1990 fúnra rẹ̀ ló sì padà ti ìlẹ̀kùn. Ó ní ẹni tó bá ti ju àádọ́rin ọdún lọ kò gbọdọ̀ jáde fún ipò ààrẹ. Tévoédjrè pé àádọ́rin ní 1999.

Alálàáfíà, onílàjà

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá a mu jù kò tíì tán. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2002. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2003, lẹ́yìn àdéhùn Linas-Marcoussis, Kofi Annan, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, fi Tévoédjrè ṣe aṣojú rẹ̀ níbẹ̀. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di 2005. Àwọn àgbà tó wà láyé ní 1958 yóò rántí pé ní ọdún yẹn ni wọ́n lé àwọn ọmọ Dahomey àti ti Togo jáde ní Abidjan, tí wọ́n ba ilé àti ẹrù wọn jẹ́, nítorí pé wọ́n di iṣẹ́ ọ́fíìsì mú. Lẹ́yìn ọdún márùndínláàádọ́ta, ọmọ Dahomey kan ni ayé rán lọ sí Abidjan kan náà láti bá àwọn ọmọ ilé wí pé kí wọ́n má pa ara wọn. Iṣẹ́ náà kò rọrùn, ogun kò sì parí lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn máa ń san gbèsè ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rò.

Nígbà tó padà dé, ààrẹ Boni Yayi fi í ṣe Onílàjà Orílẹ̀-èdè ní 2006, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà ní Àjàṣẹ́. Iṣẹ́ onílàjà ni láti gbọ́ ẹjọ́ ará ìlú tí ọ́fíìsì ìjọba rẹ́ jẹ: òṣìṣẹ́ tó fẹ̀yìn tì tí wọn kò san owó rẹ̀, ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ tí wọn kò sanwó ìtánràn. Kò lágbára láti pàṣẹ. Agbára ọ̀rọ̀ nìkan ló ní. Títí di 2013 ló fi ṣe é. Ìparí ìrìn-àjò náà bá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mu: ó tún di ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí kò ní agbẹnusọ, tó ń gbé e lọ bá àwọn tó wà lórí àga.

Ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, ó fa ara rẹ̀ sẹ́yìn kúrò nínú ariwo. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì SMA, àwọn tó mú ẹ̀sìn Kátólíìkì wá sí Dahomey ní 1861, wọ́n sì ń pè é ní Frère Melchior. Ọjọ́ 6 oṣù Bélú ọdún 2019 ló dolóògbé ní Àjàṣẹ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ó pé àádọ́rùn-ún ọdún.

Àbọ̀

Kí ni kí a wá wí fún ọmọ wa tó kàwé, tó ń wo ẹnu ọ̀nà ìṣèlú láti Kétu, láti Ṣábẹ̀ẹ́, láti Pọ́bẹ̀ tàbí láti Àjàṣẹ́? A kò lè wí pé kí ó má wọlé. Bí àwọn olùkọ́ àti àwọn onímọ̀ òfin bá ti jókòó sílé ní 1990, ta ni ì bá wà níbẹ̀ láti rí ọ̀rọ̀ tí ìbọn gbọ́? Ọjọ́ mẹ́wàá yẹn nìkan tó láti fi hàn pé ìmọ̀ ìwé ní iṣẹ́ tí kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n a ní láti wí fún un pé ìwé kì í dìbò fún ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn tẹ̀ lé òun ní láti bá wọn gbé pẹ́, kí wọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe mọ ohùn rẹ̀. Ó ní láti kọjá odi ẹkùn rẹ̀ kí ìbò tó dé, nítorí pé ní ọjọ́ ìbò, ó ti pẹ́ jù. Bí ó bá sì di dandan pé kí ó yí ẹgbẹ́ padà, kí ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún àwọn tó tẹ̀ lé e, ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé, kí wọ́n má baà fi orúkọ ẹranko pè é.

Tévoédjrè kò di ààrẹ. Àwọn tó di ààrẹ lẹ́yìn Àpérò, ìpinnu tí òun ka àbọ̀ rẹ̀ ló ṣí ọ̀nà fún wọn. Wọ́n rán an níṣẹ́, ó bẹ̀rù ẹni tó rán an, ó sì jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán an. Ní ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gba iṣẹ́ ará ìlú tí wọn kì í sì í padà wá jábọ̀, ìyẹn kò kéré.